Ó kú ni, àbí ó sùn? Lórí orúkọ bátìrì lítíọ́ọ̀mù àti àwọn ọmọ rẹ̀

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú àpérò.

Ohun tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tí a ó máa pe bátìrì lítíọ́ọ̀mù, èyí tí àwọn èèyàn ń tò jọ fúnra wọn láti fi gba iná sólà pamọ́ níbi tí òpó NẸ́PÀ kò dé. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní ká pè é ní "àmù iná". Àbúrò wa kan tó wà ní Amẹ́ríkà ní "òkúta iná" ló yẹ ẹ́, torí pé inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí òkúta ni lítíọ́ọ̀mù ti gba orúkọ. Mo fẹ́ dá sí i, torí mo ti fi ọwọ́ ara mi to ọ̀kan sí ahéré wa lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tó sì kó wa sí wàhálà lọ́jọ́ náà kì í ṣe orúkọ bátìrì rárá.

Kí n tètè kúrò lórí "òkúta iná". Òótọ́ ni ti Gíríìkì yẹn, inú òkúta ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí lítíọ́ọ̀mù ní 1817. Ṣùgbọ́n Yorùbá tó bá gbọ́ "òkúta iná" yóò rò pé òkúta tí wọ́n ń ṣá kí iná lè jáde ni. Lítíọ́ọ̀mù gan-an ló sì fúyẹ́ jù nínú gbogbo irin, ó rọ̀ débi pé ọ̀bẹ lè gé e. Ká wá fi òkúta sọ ọ́ lórúkọ, kò bá a mu.

"Àmù iná" wù mí, n ò ní purọ́. Òun ni mo fi ṣàlàyé fún ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Mo ní gíga ibi tí a gbé àmù lé ni fóltì, torí òun ló ń fún omi lágbára láti tú jáde. Bí ikùn àmù ṣe tóbi tó sì ni Ah (ampere-hour, ìwọ̀n iná tó lè gbà) tí wọ́n kọ sí i lára. Ọmọ bátìrì (èyí tí Òyìnbó ń pè ní cell) mẹ́rin la ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóltì 3.2 àti 280Ah. Nígbà tí a tò wọ́n léra, fóltì di 12.8, ikùn wọn kò sì ju 280 náà lọ. Ó yé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbọ́n má bínú, àmù kì í bàjẹ́ torí pé a bu omi inú rẹ̀ tán, bí a bá sì rọ omi jù sí i, ṣe ni yóò kàn ṣàn dànù. Ọmọ bátìrì tiwa yìí kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju fóltì 2.5 lọ, kò sì gbọdọ̀ ga ju 3.65 lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó ń ba ara rẹ̀ jẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi àmù ṣe àkàwé, ká má fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ní tèmi, bátìrì ti di tiwa. Ṣájà ẹ̀bá títì ń sọ ọ́, rẹwáyà ń sọ ọ́, àwọn ìyá wa tí kò mọ A ń sọ ọ́. Ó ti bímọ pẹ̀lú: omi bátìrì, bátìrì olómi. Àwọn Òyìnbó pàápàá, ibi tí wọ́n to àgbá ogun sí ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ni wọ́n ti yá a; Benjamin Franklin ló gbé e wá sórí ohun onígíláàsì tó so pọ̀ láti kó iná jọ, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Bí ẹnìkan bá lè yá a lẹ́nu ológun, àwa náà lè yá a lẹ́nu tiwọn.

Ohun tí a kò ní lórúkọ ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ti rí i pé mo ń sọ "ọmọ bátìrì". Bí a ṣe ní ọmọ ayò àti ọmọ ọlọ ni mo ṣe pè é bẹ́ẹ̀. "Sẹ́ẹ̀lì" kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí sẹ́ẹ̀lì ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn, ilé ẹ̀kọ́ sì tún ti lò ó fún ti ara èèyàn. Gbogbo wọn lápapọ̀, mo ní "àgbájọ bátìrì", ẹni tó bá mọ̀ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà kò ní béèrè ìtumọ̀.

Ibi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ nìyí. Kí a tó to ọmọ bátìrì léra, a ó kọ́kọ́ so gbogbo orí wọn (ibi tí àmì + wà) pọ̀ mọ́ra, ìdí (ibi tí àmì − wà) mọ́ ìdí, a ó sì gba iná sí wọn títí gbogbo wọn yóò fi dọ́gba ní 3.65. Mo sọ fún ọmọ náà pé, "So wọ́n pọ̀." Kí n tó yíjú, ó ti so orí ọ̀kan mọ́ ìdí èkejì, ó sì ti mú irin bàbà pẹlẹbẹ kejì dání láti fi kan òdìkejì wọn. Ká ní ó fi kàn án ni, iná ìbá ṣẹ́ sí i lójú. Ẹ̀bi ọmọ náà kọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fi pe iṣẹ́ méjì tó yàtọ̀ síra. Láti ọjọ́ náà, "ìforíkorí" ni mo ń pe èyí tí orí wà pẹ̀lú orí, "ìtòléra" sì ni mo ń pe èyí tí orí ọ̀kan bá mú ìdí èkejì. Ìforíkorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, àwọn àgbà ń fi orí korí lójoojúmọ́. Mo kàn fún un ní iṣẹ́ kún iṣẹ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó sàn jù, mo ń fetí sílẹ̀.

Ó ku èyí tó ká mi lára jù: "kú". Lọ́jọ́ kẹta òjò tí oòrùn kò yọ, ọmọ yẹn pè mí pé, "Bàbá, bátìrì ti kú o." Ẹni tó tà á fún mi ti ṣetán láti ta òmíràn. Mo lọ síbẹ̀ fúnra mi, mo fi mítà wo ọmọ bátìrì lọ́kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi 2.9 ni wọ́n wà. Kò sí èyí tó kú nínú wọn. Ẹ̀ṣọ́ bátìrì ló ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn kí wọ́n má baà lọ sílẹ̀ jù. BMS ni wọ́n ń pe ẹ̀ṣọ́ yìí lọ́jà, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó máa ṣọ́ wọn. Nígbà tí oòrùn yọ, ó jí.

Nígbà bátìrì olómi, "ó kú" tó fún gbogbo rẹ̀, torí ṣájà yóò gba iná sí i ni. Nísinsin yìí, owó ńlá wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì. Mo ní kí a ya mẹ́ta sọ́tọ̀: "ó ti lọ sílẹ̀" fún èyí tí iná rẹ̀ kéré, "ó sùn" fún èyí tí ẹ̀ṣọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́, "ó kú" fún èyí tí kò ní jí mọ́. Mo ti fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ìdérí àpótí tó wà ní ahéré: BÍ INÁ BÁ LỌ, Ẹ WÒ Ó BÓYÁ Ó SÙN, KÍ Ẹ TÓ PÈ MÍ PÉ Ó KÚ.