Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ẹ̀kọ́ nípa bí ènìyàn ṣe ń ronú

Ẹ̀yin àgbà àti akẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Mo wà ní ọdún àṣekágbá nínú ẹ̀kọ́ sàìkọ́lọ́jì, mo sì fẹ́ tẹ̀ síwájú nínú cognitive science, ẹ̀kọ́ tó pa ìmọ̀ ọpọlọ, èdè àti kọ̀ǹpútà pọ̀ láti wádìí bí ènìyàn ṣe ń ronú.

Ìdánwò tí J. R. Stroop, onímọ̀ sàìkọ́lọ́jì ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1935 ló fà mí débẹ̀. Wọn a fi yíǹkì àwọ̀ kan kọ orúkọ àwọ̀ mìíràn, ẹni tó ń wò ó yóò sì dárúkọ yíǹkì náà láìka ọ̀rọ̀ náà. Mo fi yíǹkì dúdú kọ “pupa”, àbúrò mi lanu, ó ní “pu...”, ó dákẹ́, kó tó wá sọ pé “dúdú”. Inú mi dùn púpọ̀! Àmọ́ yíǹkì funfun kò hàn lórí pépà funfun, “àwọ̀ ewé” sì gùn ju “pupa” lọ, èyí tó lè ba ìṣirò àkókò tí ènìyàn fi ń dáhùn jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é ní Yorùbá rí, àwọn àwọ̀ wo lẹ lò?

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni pé mo fẹ́ bá àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kẹ́kọ̀ọ́ yìí, bóyá ní Osnabrück ní Jámánì tàbí ní yunifásítì Kalifóníà ní San Diego, ṣé ó ṣílẹ̀kùn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún yín, àbí kí n kúkú kọ́ sàìkọ́lọ́jì ti ilé ìwòsàn? Ìṣirò mi kò fi bẹ́ẹ̀ dáńtọ́. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ló ṣe yẹ kí n mọ̀ ọ́n tó kí n tó kọ̀wé béèrè fún àyè?