Ohun tí ojú wa rí ní Harlem

Ìyá Ìbejì, Bronx

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹnìkan béèrè pé kí ni àwa Yorùbá ń wá ní Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú New York, nígbà tó jẹ́ pé Bronx àti Brooklyn ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé. Ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára, nítorí Harlem ni mo ti rí ìyá kejì.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn ni mò ń ṣe. Wọ́n rán mi lọ sọ́dọ̀ màmá kan nítòsí 138th Street, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí àwọn òbí wọn ṣí wá láti South Carolina. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n ní kí ló dé tí mo fi wà nílẹ̀. Mo ṣàlàyé. Láti ìgbà náà, bí mo bá wọlé láìkúnlẹ̀, wọ́n á ní, "Ṣé inú ń bí ọ sí mi ni?"

Màmá kì í fi ìròyìn àdúgbò ṣeré. Amsterdam News ni wọ́n máa ń kà, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí James H. Anderson fi dọ́là 10 péré dá sílẹ̀ lọ́dún 1909. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, nítorí náà èmi ni mò ń kà á sí wọn létí. Ojú ìwé tí wọ́n fi ń kéde òkú là ń kọ́kọ́ ṣí. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ọ̀rọ̀ owó ilé, ilé tí wọ́n fẹ́ wó, àti ọmọ ẹni tó gboyè. Bí mo bá ka orúkọ olóògbé tí wọ́n mọ̀, wọ́n á ní kí n fa àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde. Ìwé ètò ìsìnkú ló kún inú rẹ̀ bámúbámú: àwòrán olóògbé níwájú, ìtàn ayé rẹ̀ nínú, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Bàbá mi náà ní irú àpótí yẹn ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìlú wo ni ẹni náà ti ṣí wá, ìjọ wo ló ń lọ, iṣẹ́ wo ló fi jẹun, àwọn wo ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ Harlem, kì í ṣe nínú ìwé àwọn arìnrìn-àjò.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo máa ń fi kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń jókòó sí tì wọ́n lọ sí Abyssinian Baptist Church. Ọdún 1808 ni ìjọ yẹn bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú kan, tí àwọn oníṣòwò ará Ethiopia wà lára wọn, kọ̀ láti jókòó sí ìhà tí ìjọ àwọn aláwọ̀ funfun yà sọ́tọ̀ fún dúdú. Ilé òkúta tí wọ́n ń lò báyìí, 1923 ni wọ́n parí rẹ̀. Màmá ní àsìkò ìkéde ni ìjọ máa ń dákẹ́ jù, nítorí ibẹ̀ ni èèyàn ti ń gbọ́ ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́, ẹni tí onílé fẹ́ lé jáde, àti ṣọ́ọ̀bù tí kò yẹ ká náwó sí. Ẹ má fojú kékeré wo ti ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ní àwọn ọdún 1930 sí 1939, àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá ní 125th Street ń gba owó dúdú, wọn kì í sì í gba dúdú sí ẹ̀yìn káńtà. Àwọn èèyàn dúró síwájú ilẹ̀kùn wọn pẹ̀lú pátákó, wọn ò rajà. Adam Clayton Powell Kékeré, tó di pásítọ̀ ìjọ yìí, wà lára àwọn aṣáájú wọn, Harlem ló sì rán an lọ sí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ní 1945.

Lọ́jọ́ kan Màmá bi mí pé ṣé mo mọ Babatunde Olatunji. Mo ní àwọn Olatunji tó wà ní Nàìjíríà kò lóǹkà. Wọ́n ní onílù ni wọ́n ń sọ. Ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry ni, ó wá kàwé ní Morehouse College ní Atlanta lọ́dún 1950, ó kọjá sí New York, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ àṣà Áfíríkà sílẹ̀ ní 125th Street. Àwọn ọmọ Màmá kọ́ ijó níbẹ̀. Níbẹ̀ ni John Coltrane, ìlúmọ̀ọ́ká olórin jazz, ti fọn sàsófóònù ní 23 April 1967, nígbà tó kù díẹ̀ kó kú. Màmá ní àwọn ọmọ àwọn máa ń ti ibẹ̀ bọ̀, wọ́n á máa kọrin Yorùbá nínú ilé ìdáná, nígbà tí wọn ò tíì bí mi.

Ara mi bù máṣọ. Gbogbo ìgbà tí mò ń kúnlẹ̀ nínú ilé yẹn, èdè wa ti wà níbẹ̀ dè mí.

Ọmọ Àyàn, Brooklyn

Ẹ ṣeun, ma. Ìdílé onílù ni wọ́n bí mi sí, ẹ wá rí bí ọ̀rọ̀ Olatunji yẹn ṣe dùn mọ́ mi tó.

Marcus Garvey Park ní Harlem ni tèmi. Mount Morris Park ni wọ́n ń pè é kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà ní 1973. Lọ́jọ́ Sátidé nígbà ooru, àwọn onílù máa ń péjọ síbẹ̀, láti 1969 ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Jẹ́ḿbẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú kóńgà, agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Mo gbé dùndún mi lọ. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí onílù tó gbẹ̀kọ́ kì í já wọ agbo onílẹ̀. Bàbá arúgbó kan mirí sí mi pé kí n wọlé. Mo fi ìlù kí wọn. Bàbá yẹn gbé ọwọ́ sókè, gbogbo ìlù dákẹ́. Ó ní, "Tìrẹ yẹn sọ̀rọ̀. Kí ló sọ?" Mo ní ó ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Ó ní kí n tún un lù. Mo tún un lù. Ó ní kí n tún un lù lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá ń fi jẹ́ḿbẹ́ wá ohùn yẹn, òkè, àárín, ìsàlẹ̀, títí ó fi súnmọ́ ọn.

Nǹkan bí 2008, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí ilé olówó ńlá kan tó kọjú sí páàkì náà fi ẹjọ́ ìlù sùn, pé ariwo ti pọ̀ jù. Àwọn onílù ní àwọn ló ń jókòó níbẹ̀ nígbà tí kò sẹ́ni tó láyà láti gba àárín páàkì yẹn kọjá. Níkẹyìn, wọ́n ní kí wọ́n ṣí lọ sí ibòmíràn nínú páàkì kan náà. Mo mọ̀ pé ẹni tó ṣiṣẹ́ òru gbọ́dọ̀ sùn, ọmọ ọwọ́ náà sì gbọ́dọ̀ sùn. Àgbà kan lè bá wọn jókòó, kí wọ́n jọ fẹnu kò sí aago tí ìlù yóò dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù, ìlù ló bá níbẹ̀. Kó wá pè é ní ariwo, mi ò lè gbà á láéláé.

Aláṣọ, 116th Street

Ọjà Malcolm Shabazz ni mo ti ń ta àdìrẹ àti aṣọ òfì. Àwọn tó ṣáájú wa ń pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ títì ní 125th Street kí ìjọba Giuliani, olórí ìlú New York nígbà náà, tó lé wọn kúrò ní October 1994. Mọ́sáláṣí Malcolm Shabazz ló ń bójú tó ọjà tí wọ́n kó wá yìí. Ará Senegal àti Mali ló yí mi ká.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé oníbàárà mi tó jẹ́ dúdú Amẹ́ríkà kì í kọ́kọ́ béèrè iye. Ìtàn aṣọ ló ń béèrè. Ta ló ń wọ ẹtù? Kí ni wọ́n fi ń ṣe sányán? Ó di dandan kí n fóònù ìyá mi ní Ìṣẹ́yìn kí n má baà purọ́ fún wọn. Obìnrin kan ra àlàárì fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ó sì fi fọ́tò hàn mí lẹ́yìn ayẹyẹ: tọkọtaya wà nínú àlàárì, wọ́n ń fo ìgbálẹ̀ kọjá, àṣà ìgbéyàwó tiwọn láti ìgbà ẹrú. Mo sunkún nídìí àtẹ.

Àbúrò yín, Newark

Ẹ kú ìtàn, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ onígbàgbọ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Mò ń sọ Yorùbá lórí fóònù ní Lenox Avenue nígbà tí màmá kan tó wọ aṣọ funfun, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, dúró síwájú mi, wọ́n ní, "Àború, àboyè." Mi ò mọ èsì rẹ̀. Mo dákẹ́ bí ẹni tó mu omi sẹ́nu.

Wọn ò fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní Yoruba Temple ní Harlem ni wọ́n ti kọ́ ọ nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́. Ọkùnrin Detroit kan tí wọ́n bí ní Walter Eugene King lọ ṣe òrìṣà ní Matanzas, Cuba, ní 1959, ó padà wá sí Harlem, ó di Oseijeman Adefunmi, ó sì dá tẹ́ńpìlì yẹn sílẹ̀. Ní 1970 ló tẹ Ọ̀yọ́túnjí dó ní South Carolina, Ọọ̀ni Okunade Sijuwade sì fi í jọba ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1981. Mi ò yí ẹ̀sìn mi padà. Ṣùgbọ́n mo pe bàbá mi àgbà lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé kí wọ́n ki oríkì ìdílé wa fún mi, kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Bronx

Àbúrò mi, o ṣe é re. Bí o bá fẹ́ ka púpọ̀ sí i, lọ sí Schomburg Center ní 135th Street. Arturo Schomburg, ọmọ Puerto Rico, ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kó ìwé àwọn dúdú jọ, ilé ìkàwé New York sì rà wọ́n ní dọ́là 10,000 lọ́dún 1926. Wọn kì í gba owó ìwọlé, ọ̀fẹ́ ni.

Ọmọ Àyàn, ọ̀rọ̀ ilé olówó ńlá yẹn, a rí irú rẹ̀ ní 2017 nígbà tí àwọn tó ń ta ilé fẹ́ máa pe gúúsù Harlem ní SoHa. Mo kà á sí Màmá létí, wọ́n ní kí n mú bírò. Wọ́n ń sọ, mò ń kọ, a sì fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí aṣojú àdúgbò. Àwọn ará Harlem fi ariwo pa orúkọ yẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, African American Day Parade, ìwọ́de ọdọọdún àwọn dúdú Amẹ́ríkà, ń bọ̀ ní September. Láti 1969 ni wọ́n ti ń ṣe é, ní títì Adam Clayton Powell, láti 111th Street lọ sókè dé 136th. Ẹ̀gbẹ́ tí òòrùn kì í pa èmi àti Màmá la máa ń wà. Ọmọ Àyàn, jọ̀ọ́, gbé dùndún dání. Mo ti sọ fún wọn pé o ń bọ̀.