Èsì: Kí ni ká pe fibromyalgia? (Ẹ má tíì kọ “làkúrègbé iṣan” sílẹ̀)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ, tí mo sì panu mọ́, torí ọ̀rọ̀ náà kàn mí ju bó ṣe yẹ lọ. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: fibromyalgia ni àìsàn tó ń mú kí ara máa roni káàkiri fún ìgbà pípẹ́, orúkọ Yorùbá la sì ń wá fún un níbí. Bàbá wa tó ń kọ̀wé láti Ìbàdàn ló kọ́kọ́ gbé “làkúrègbé iṣan” kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan ní ká kúkú gé e kúrú sí “àrùn iṣan”. Àbúrò wa tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ní Kútọ̀nù sọ pé méjèèjì ò bá ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn mu, ó ní “ìrora ọpọlọ” ló yẹ. Ẹnì kan wá ní ká yá ọ̀rọ̀ òyìnbó lò, kí kálukú máa lọ sílé.

Ẹni ìkẹyìn yìí ni mo máa kọ́kọ́ dá lóhùn, tiẹ̀ ò gba àkókò. Òyìnbó wo? Ẹ̀yin ará Nàìjíríà á pè é ní fiburomayájíà, àwa tí Faransé kọ́ níwèé á pè é ní fibiromiyaljí. Ọsibítù yín ni lópítáàlì tiwa. Láti 1975 ni wọ́n ti fún wa ní ɛ àti ɔ ní Benin níbí, tí ẹ̀yin ń fi àmì sábẹ́ ẹ àti ọ. Ohun tí ẹnubodè pín sí méjì ti pọ̀ tó.

Ó ku ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Kétu ni wọ́n bí mi, Àjàṣẹ́ tí Faransé ń pè ní Porto-Novo ni mo ń gbé, àwọn àgbàlagbà ni mo ń kọ́ ní ìwé kíkà lédè wa ní alẹ́. Ọdún kẹrin rèé tí ara ti ń ro mí. Tó bá jẹ́ èjìká ní àárọ̀, tó bá di ọ̀sán á ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìbàdí. Bí mo bá kọ ìlà mẹ́ta sí pátákó, apá mi á wúwo bíi ti ẹni tó gún iyán àlejò ogún. Mo lè sùn láti alẹ́ di òwúrọ̀, kí n sì jí bí ẹni tó ṣọ́dẹ mọ́jú.

Dókítà àkọ́kọ́ tí mo rí fi àtàǹpàkò tẹ̀ mí ní ìpàkó, ó tẹ̀ mí láyà, ní ìgúnpá, ní ìbàdí, ní orúnkún. “Ó dùn?” “Ó dùn.” Àwa méjèèjì la jọ ń kà á, a ka mẹ́tàlá. Ó kọ “fibromyalgie” sórí ìwé, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó ké sí ẹni tó kàn. Wọn ò gba ẹ̀jẹ̀ kankan lára mi. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó kà á pé òfin àwọn dókítà oríkèé ní Amẹ́ríkà ní 1990 ló tẹ̀ lé: ojú ibi 18, kí wọ́n fi agbára tó tó kìlógíráàmù 4 tẹ̀ ẹ́, kí 11 ó kéré tán dùn, kí ìrora sì ti wà káàkiri ara fún oṣù 3. Àwọn kan náà ló gbé kíka ojú ibi yìí jù sẹ́yìn ní 2010, tí wọ́n ń bèèrè èwo ló ń dunni nínú ibi 19 lára, báwo lèèyàn ṣe ń sùn, ṣé ó ń gbàgbé nǹkan. Ní 2016 wọ́n tún un ṣe, wọ́n ní bí èèyàn bá tilẹ̀ ní àìsàn mìíràn, èyí ò ní kó má ní fibromyalgia pẹ̀lú. Dókítà tèmi ṣì wà ní 1990.

Dókítà kejì jókòó. Ó bi mí nípa oorun kó tó bi mí nípa ìrora. Ó gba ẹ̀jẹ̀, ó wò ó bóyá thyroïde inú ọrùn mi ló ń jó rẹ̀yìn, torí ìyẹn náà máa ń mú kí ara roni kó sì rẹni. Ó wo fòníkú-fọ̀ladìde. Ó wo làkúrègbé tó ń jẹ oríkèé. Wọn ò rí ìkankan. Nígbà náà ló tó kọ̀wé, ohun tó kọ rèé: “Fibromyalgie ?”

Àmì ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n fọkàn tán an. Òun náà ni mo ń wá nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ ti dá látẹ̀yìn wá, mi ò sì tíì rí i.

Ẹ wo òyìnbó fúnra wọn. Ní 1904, Gowers, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, pe irú ìrora yìí ní fibrositis. Ìrù ọ̀rọ̀ yẹn, -itis, ohun tó ń sọ ni pé nǹkan wú, ó gbóná nínú ara. Wọ́n wá wíwú náà títí, wọn ò rí i. Ní 1976 ni dókítà mìíràn, Hench, gé ìrù náà kúrò, tó fi -algia sí i, tí kò ju “ìrora” lọ. Ọdún 72 ni wọ́n fi tú ohun tí ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo so. Síbẹ̀ wọ́n gbàgbé “my”, ìyẹn iṣu ẹran ara, sí àárín orúkọ, òun ló sì ń ṣi ẹ̀yin náà lọ́nà tí ẹ fi ń wá iṣan kiri.

Ìyá mi wà ní Kétu, kò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà. Kò kàwé, ṣùgbọ́n òun ni mo máa ń dán ọ̀rọ̀ tuntun wò lára, torí kì í fojú rere gba ohun tí kò yé e. Ní Sátidé mo pè é.

Mo ní, “Ìyá mi, wọ́n ní làkúrègbé iṣan ló ń ṣe mí.” Ó bú sẹ́rìn-ín. “Làkúrègbé? Ìwọ? Èmi tí orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́ ńkọ́?” Lójú tiẹ̀, oríkèé ni làkúrègbé ń jà, àgbà ló sì ni ín. Mi ò lè bá a jiyàn, oríkèé mi kankan ò wú.

Mo ní àrùn iṣan ni. Kíá ló dáhùn: “Ìyẹn ò le. Màá fi òrí ránṣẹ́, kí wọ́n fi wọ́ ọ.” Bàbá wa ti Ìbàdàn, ẹ gbọ́ yẹn? Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, iṣan là ń pè é. Èyí tó so gìgísẹ̀ ró, iṣan. Èyí tó ń gbé ìró lọ sí ọpọlọ, iṣan náà ni. Iṣẹ́ mẹ́ta ti wà lọ́rùn ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má di ẹ̀kẹrin rù ú.

Mo wá ní, “Wọ́n ní inú ọpọlọ ni ìrora náà ti ń wá.” Fóònù pa lọ́lọ́. Mo rò pé kírẹ́dì ti tán. Ìgbà tó yá ló rọra bi mí pé: “Ta ló tún gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí?”

Àbúrò mi dókítà, mo mọ ohun tí o ní lọ́kàn. Láti 2017 ni àwọn onímọ̀ ìrora lágbàáyé ti gba “nociplastic” wọlé, fún ìrora tí ibi tí wọ́n ti ń gba ìró ìrora wọlé lára ń bù kún ohun tó gbọ́. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí: ajá ilé tó ń gbó ewé tó já bọ́ bí ẹni pé olè ló fo ògiri. Ajá náà ò purọ́, nǹkan dún lóòótọ́, etí rẹ̀ ló mú jù. Ṣùgbọ́n tí o bá kọ “ọpọlọ” sórí ìwé aláìsàn, “ọpọlọ rẹ̀ ò pé” ni gbogbo agbo ilé máa kà.

Ìgbà kẹrin, mo ní: “Ara ló ń ro mí káàkiri. Ohun náà gan-an ni wọ́n fi sọ àìsàn náà lórúkọ.” Ó ní, “Èyí ni mo gbọ́. Kí ló wá fà á?”

Àmì ìbéèrè dókítà kejì nìyẹn, láti ẹnu ẹni tí kò rí ìwé náà rí.

Bí Yorùbá ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ náà nìyí. Ẹ̀fọ́rí ò sọ ju pé orí ń fọ́ lọ. Oòrùn lè fà á, ibà lè fà á, gbèsè náà lè fà á, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ẹ̀fọ́rí tó rò pé ìwádìí ti parí. Fòníkú-fọ̀ladìde ò mẹ́nu ba ẹ̀jẹ̀ rárá, ojú aláìsàn ló fi wò ó. Ìrora fúnra rẹ̀, ara tó ń ro ni. Nítorí náà, ìrokáara ni mo mú wá: ohun tó ń ro ká ara.

Èkejì, ẹ yé kọ “àyẹ̀wò fibromyalgia”. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tàbí fọ́tò eegun kankan tó ń fi í hàn. Wíwò ni àyẹ̀wò. Ohun tí dókítà sọ lẹ́yìn tó wò ó tán, nǹkan mìíràn ni. Níbi tí wọ́n bá fi àmì ìbéèrè sí, ká kọ “wọ́n fura sí ìrokáara”. Níbi tí kò bá sí, “wọ́n ní ìrokáara ni.” Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn pàápàá, “wọ́n ní” wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan kọ ọ́ níbí pé aláìsàn tó bá ń bi dókítà léèrè lẹ́yìn tó ti sọ̀rọ̀, àfojúdi ló ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú wa. Bí odù bá yọ lójú ọpọ́n, ṣé babaláwo a dìde? Ṣé kì í mú ìbò, kó bèèrè bóyá ire ni tàbí ibi? Kò sẹ́ni tó sọ pé ó fojú di odù. Frederick Wolfe tó ṣáájú àwọn tó ṣe òfin 1990 yẹn pàápàá ti padà wá ń ṣiyèméjì lórí orúkọ náà. Mi ò sọ pé àìsàn ọ̀hún ò sí o. Ara mi ló ń ro.

Ohun kan ṣì ń yọ mí lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ tèmi. Bí èèyàn bá yára pè é, “ìrokára” ló máa dún, bíi “ṣiṣẹ́ kára”, ẹnì kan sì máa rò pé iṣẹ́ àṣejù la fi ń bú aláìsàn. Ṣé ká fi -káàkiri sí i, ká fara mọ́ gígùn rẹ̀? Ní Ọjọ́bọ̀ mo máa kọ méjèèjì sí pátákó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mi ò ní sọ ìtumọ̀, màá sì kọ ohun tí wọ́n bá pè é ránṣẹ́ síbí.