Jíà ọkọ̀ eré mi tó ń falẹ̀: ibi tó parí sí rèé

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Lóṣù tó kọjá ni mo béèrè nípa ọkọ̀ eré tòkunbọ̀ ọlọ́tò (tó ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀) tí mo rà ní Àjàṣẹ́: bí mo bá tẹná, ẹ́ńjìnnì á ké, jíà á falẹ̀ kó tó kúrò ní kejì bọ́ sí kẹta.

Ọ́ìlì jíà ni. Èyí tí a tú jáde dúdú bí omi àgbo, ó ń rùn bí nǹkan tó jóná. Ẹni tó dá mi lóhùn nínú yín pé pípààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan kò tó, òun ló mọ̀ ọ́n jù: bí ìdajì péré ló ń jáde, púpọ̀ nínú ìyókù há sínú kọnfátà, ìyẹn apá tó so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ jíà. Ẹ̀ẹ̀mẹta la pààrọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú fítà tuntun, irú ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ gan-an. Láàárín ìkíní àti ìkejì, mo wà á dé Sákété bọ̀. Nígbà ìkẹta, ọ́ìlì náà pupa, ó mọ́ gaara. Jíà ń wọlé wẹ́rẹ́ báyìí.

Púlọ́ọ̀gì tuntun ràn án lọ́wọ́ díẹ̀: gbígbọ̀n tí ọkọ̀ náà tún máa ń gbọ̀n tó bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ dín kù, kò tán. Tí mo bá fi sí ríbáàsì, ó ṣì ń mì kìjì. Rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé ti ya. Ìyẹn nìkan ló kù, mo ti ń wá a. Ẹ ṣeun gan-an.