Kásẹ́ẹ̀tì Kenny Rogers ti Bàbá mi: èwo ni ojúlówó, kí ló sì ń dùn mọ́ wọn níbẹ̀?

ỌmọOwé_Kàbà

Òkun o, gbogbo ilé. Bàbá mi máa pé ọgọ́rin ọdún nígbà Kérésìmesì, àwa ọmọ sì ti pín iṣẹ́ láàárín ara wa. Àǹtí wa àgbà ló ni màlúù, ẹ̀gbọ́n mi ló ni aṣọ, orin ló bọ́ sí èmi lọ́wọ́. Nígbà tí mo bi Bàbá léèrè orin tí wọ́n ń fẹ́, wọn ò ronú: "Kásẹ́ẹ̀tì Kenny Rogers yẹn." Olórin kọ́ńtírì ará Amẹ́ríkà ni Kenny Rogers. Kásẹ́ẹ̀tì ọ̀hún ti já tipẹ́tipẹ́, inú mọ́tò wọn ló kú sí.

Mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwo Greatest Hits (àkójọ àwọn orin rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù) tí mo bá níbẹ̀ kò lóǹkà. Èyí tí Bàbá ń ṣàpèjúwe jọ ti ọdún 1980, torí wọ́n ní The Gambler ló ṣíwájú, Lady ló tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n wọ́n tún búra pé Dolly Parton, obìnrin olórin kọ́ńtírì, wà níbẹ̀, pé òun àti Kenny Rogers ló jọ kọ Islands in the Stream. Mo ka orúkọ orin inú àwo 1980 yẹn látòkè délẹ̀, kò sí Dolly Parton níbẹ̀. Ṣé oríṣi méjì ló wà ni?

Ìbéèrè mi kejì: kí ni àwọn bàbá wa rí lára ọkùnrin yìí? Alàgbà ìjọ ni Bàbá mi. Fújì ò gbọdọ̀ wọ ilé wa, jùjú pàápàá, àfi kí wọ́n ti lọ sóko. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí iyán ti wà nílẹ̀, Kenny Rogers yá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tó ń sọ ni. Tẹ́tẹ́! Ọtí! Obìnrin tó kọ ọkọ ẹ̀! Ẹ ṣàlàyé fún mi o.

Alákásẹ́ẹ̀tì_Gáréèjì

Òkun o, ọmọ wa. Bá mi kí Bàbá.

Bàbá rẹ ò parọ́, àwo 1980 náà ò sì parọ́. Àwa la fi Dolly Parton sí i.

Iṣẹ́ kí á máa da orin sínú kásẹ́ẹ̀tì ni mo ń ṣe nítòsí gáréèjì Kàbà, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní 1991. Kásẹ́ẹ̀tì òfìfo oníwákàtí kan ni oníbàárà sábà máa ń mú wá. Orin méjìlá ló wà nínú àwo 1980 yẹn, gbogbo ẹ̀ ò sì gba wákàtí kan tán, ó máa ń ṣẹ́ àyè kù ní ìdí ojú kìíní àti ní ìdí ojú kejì. Ẹni tó sanwó ò sì ní fẹ́ kí ìdí kásẹ́ẹ̀tì òun máa hó ṣàà lásán, á ní o yan òun jẹ. A máa ń wá orin dí i ni. Nígbà tí Islands in the Stream jáde ní 1983 (ẹgbẹ́ olórin Bee Gees ló kọ ọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀, inú àwo mìíràn ló wà, Eyes That See in the Dark), òun ni mo sọ di ìdí ojú kejì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ń fi orin Don Williams dí tiwọn, àwọn kan ń fi ti Jim Reeves, olórin kọ́ńtírì ni àwọn náà. Ìdí nìyẹn tí bàbá ẹlòmíràn fi lè bá ọ jà títí pé Jim Reeves wà nínú Kenny Rogers.

Torí náà, mú ti 1980, kí o fi Dolly Parton sí ìdí ẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta Ten Years of Gold, àwo àkójọ rẹ̀ mìíràn, fún ọ pé ọ̀kan náà ni. 1977 nìyẹn jáde. The Gambler ò tíì sí nígbà náà, ká má tíì sọ Lady. Ohun mìíràn wà tí o gbọ́dọ̀ ṣọ́: Ruby, Don't Take Your Love to Town. Ó ti kọ ọ́ ní 1969 pẹ̀lú ẹgbẹ́ First Edition, ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú àwo 1980 kì í ṣe ti ìgbà yẹn, ó padà tún un kọ ni. Bí o bá fi ti àkọ́kọ́ sí i, Bàbá máa gbé orí sókè láàárín èrò, wọ́n á ní kì í ṣe òun.

Ní ti pé kí la rí lára ẹ̀: ohùn ẹ̀ kọ́kọ́ ni. Ó há díẹ̀, bí ohùn ẹni tó ti fi gbogbo àná lé ẹyẹ lóko. Kò sì sáré pe ọ̀rọ̀. Ẹni tó ka ìwé mẹ́fà péré ń bá a lọ. Èkejì, orin ẹ̀ ní orí, ó ní ìdí. Nínú The Gambler, òru ni, inú ọkọ̀ ojú irin ni. Ògbólógbòó onítẹ́tẹ́ gba ọtí àti sìgá lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì í, ó fi ìmọ̀ràn san gbèsè ẹ̀, ó sùn, kò jí mọ́. Awakọ̀ tó ń fi òru na ọ̀nà Ọbájánà sí Lọ́kọ́ja ò nílò kí a túmọ̀ ìyẹn fún un. Àwọn awakọ̀ ló sì kọ́kọ́ ń wá a lọ́dọ̀ mi, kí àwọn tíṣà tó bá wọn dá sí i. Lady ní tiẹ̀, Lionel Richie ló kọ ọ́ fún un, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, ó sì jókòó sórí ipò kìíní fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní Amẹ́ríkà. Ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá ìyàwó nìyẹn. Wọ́n á ní kí n da Lady nìkan kún ojú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ń ṣe é fún wọn. Owó ṣáà ni.

Ìyá_Ìbejì_Ìsánlú

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Bí Lucille, orin Kenny Rogers kan, bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dìde láti ìdí ọlọ lọ pa rédíò.

Ìtàn ibẹ̀ ni pé obìnrin kan bọ́ òrùka ọkọ sílẹ̀ ní ilé ọtí kan nílùú Toledo. Ọkọ wá a débẹ̀, ó ń sunkún pé àsìkò tí ebi ń pa ọmọ mẹ́rin, tí ohun ọ̀gbìn ṣì wà lóko láìkórè, ni ìyàwó yàn láti lọ. Ẹ rò ó wò nílẹ̀ Yàgbà wa níbí, iṣu ṣì wà nínú ebè, ìyàwó di ẹrù! Bàbá mi àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn á máa mi orí: obìnrin burúkú. Ìyá mi á ní, "Ta ló bi í léèrè ohun tó rí kó tó lọ?" Ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré ni orin yẹn jẹ́ kí obìnrin náà sọ, ẹjọ́ ọkọ ló gbilẹ̀ níbẹ̀. Èmi náà tì wọ́n lẹ́yìn lórí èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orin náà dùn, mi ò lè tan ara mi.

Ní ti alàgbà ìjọ, ẹ má fi ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ wá a. Ohun tí wọ́n ṣe sí ọmọbìnrin inú orin rẹ̀ Coward of the County, ta ni yóò máa fi ìyẹn jẹ iyán? Gìtá ló gbà wọ́n lọ́kàn. Láti 1908 tí Titcombe, ajíhìnrere òyìnbó, ti mú ìyìn rere dé Yàgbà, orin òyìnbó tó bá rọra ń lọ, tí ìlù rẹ̀ ò pọ̀, tí kò mú ìdí jó, orin Ọlọ́run la kà á sí. Kenny Rogers kàn gba ẹnu ọ̀nà tó ti ṣí wọlé ni.

Ẹ̀kìnrìn_Boy

Orin oorun. The Gambler ni Bàbá mi fi ń jí wa lọ oko ní gbogbo ọlidé, mo sì ṣèlérí pé tí mo bá di ọ̀gá ara mi mi ò ní gbọ́ ọ mọ́. She Believes in Me nìkan ni mo ṣì gbà láàyè, mi ò sì ní sọ ìdí ẹ̀ níbí torí ìyàwó mi máa ń ka ojú ìwé yìí.

ỌmọOwé_Kàbà

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá Alákásẹ́ẹ̀tì, Màmá Ìbejì, ẹ ṣé. Mo ti to orin mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá sórí fláàṣì, Dolly Parton wà nídìí.

Mo pe Bàbá lórí fóònù, mo ka àlàyé yín fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní òótọ́ ni, gáréèjì Kàbà ni wọ́n ti ṣe kásẹ́ẹ̀tì náà, lọ́wọ́ ọkùnrin pupa kan tó máa ń dé fìlà aláwọ̀ ewé. Wọ́n ní kí n bi yín bóyá ẹ mọ̀ ọ́n, torí ó jẹ wọ́n ní ṣéńjì.

Alákásẹ́ẹ̀tì_Gáréèjì

Mi ò dé fìlà rí láyé mi. Ọjọ́ wo ni ayẹyẹ náà, ṣé àwọn alákásẹ́ẹ̀tì lè wá?