Ẹ̀gbọ́n mi tí ojú ibi tí wọ́n rán nínú rẹ̀ ń jò: ó ti délé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi gbàdúrà, ẹ ṣeun o. Mo ṣèlérí pé màá padà wá sọ ibi tó já sí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n gé lára àpò ìjẹun rẹ̀ nítorí sísanra ní Lọ́ńdọ̀n níbí, tí ojú ibi tí wọ́n rán wá ń jò, ti délé láti ọjọ́ Ẹtì.

Wọn ò tún inú ẹ̀ là. Ọ̀nà ọ̀fun ni wọ́n gbà, wọ́n ti rọ́bà gígùn oníkámẹ́rà wọlé, wọ́n sì fi fóòmù kékeré kan, kò ju àtàǹpàkò lọ, sójú ihò náà. Rọ́bà tó so mọ́ fóòmù yìí gba imú jáde lọ sínú ẹ̀rọ tó ń fà á tọ̀sán-tòru. Bó ṣe ń fa ọyún jáde ló ń mú kí ẹran ara ibẹ̀ máa sún mọ́ra. Ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lápapọ̀. Rọ́bà mìíràn ló ń gbé oúnjẹ lọ sínú ìfun nísàlẹ̀.

Ẹni tó béèrè ìdí tí wọn ò fi lo stent, ìyẹn ọ̀pá oníhò tí wọ́n máa ń tì sínú láti fi bo ojú ibi tó ń jò, dókítà ní stent máa ń yẹ̀ kúrò láyè ẹ̀ nígbà míì.

Ohun tó ṣì ń bí mi nínú ni pé, kí wọ́n tó mọ̀ pé ibẹ̀ ń jò, àyà ẹ̀ ń sáré, èjìká òsì ń dùn ún, ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi ń sọ pé afẹ́fẹ́ lásán ni.

Lánàá ó lá ògì, ṣíbí mẹ́fà. Ó ní kò ní ṣúgà tó.