Ta ló ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ tí a ń fi tọrẹ ní Kánádà?

Ìbéèrè: Ẹ ǹ lẹ́ o. Mo fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní Winnipeg lánàá, òwú ṣì wà ní ìgbọ̀nwọ́ mi. Ta ló ń bójú tó o, ìjọba àpapọ̀ ní Ottawa àbí ìpínlẹ̀?

Ìdáhùn: Àwọn méjèèjì ni, ẹ̀gbọ́n. Health Canada, ilé iṣẹ́ ìlera ti ìjọba àpapọ̀, ló ń fún Canadian Blood Services, àjọ tó ń gba ẹ̀jẹ̀, níwèé àṣẹ, tó ń yẹ iṣẹ́ wọn wò. Àwọn ìpínlẹ̀ ló ń sanwó.

Ìdáhùn: Ẹ yọ Québec kúrò. Héma-Québec ni àjọ ẹ̀jẹ̀ tiwọn.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọ́n fi pín in?

Ìdáhùn: Ohun tójú rí ni. Ẹ̀jẹ̀ tó ní kòkòrò HIV àti ti àrùn ẹ̀dọ̀ ni wọ́n fà sára ọ̀pọ̀ èèyàn. Adájọ́ Krever, tó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà, jábọ̀ lọ́dún 1997. Wọ́n gba iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ Red Cross, tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ní 1998. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mi ò lè so àpò ẹ̀jẹ̀ kọ́ kí n má rántí wọn.